Òdòdó búlúù abẹ́ igi wandoo yìí ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́ Mundaring

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kó tó gbà mí nímọ̀ràn.

Ọdún kejì rè é tí a kó dé Mundaring, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Perth, ní Ọsirélíà. Níbi tí ẹ̀yìnkùlé wa ti ń di igbó, igi wandoo mẹ́rin ló dúró síbẹ̀, ara wọn funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún tí a dé, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí nǹkan búlúù nílẹ̀ lábẹ́ wọn, mo ní àwọn ọmọ yìí ti tún ju ọ̀rá síta. Mo jáde kí n lọ ṣà á, àṣé òdòdó ni. Igi kúkúrú kan ni, kò dé orúnkún mi. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àmọ́ kò gún èèyàn, ó rọ̀. Òdòdó ara rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.

Ìyá òyìnbó tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ló sọ fún mi pé leschenaultia ni wọ́n ń pè é. Mo bá lọ ra ọ̀kan kí n lè gbìn ín síwájú ilé. Mo gbẹ́lẹ̀ fún un dáadáa, mo po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ilẹ̀ náà bí mo ṣe ń ṣe fún ewédú, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdí rẹ̀ fi dúdú, tó sì rà. Mo ra èkejì, mo gbìn ín sínú ìkòkò rọ́bà ńlá, mo gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà ṣòfò. Ó kú. Ẹ̀kẹta, mo dín omi kù, mo wá fún un ní ajílẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú róòsì. Ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí, ó lọ nínú ọjọ́ mẹ́wàá.

Èyí tó wà lábẹ́ igi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín, ó ń tanná bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó. Ṣé kí n kúkú wú u wá síwájú ilé ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni tèmi lò. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo rí i tó sorí kọ́, mo fún un lómi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún sorí kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún fún un lómi. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan, mo kàn fìdí kalẹ̀ ni kí n gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ.

Bàbá Ìbejì, Armadale

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, má wú u! Kí n tètè sọ ìyẹn kí o tó gbé ṣọ́bìrì. Ohun tí o rò pé ó jẹ́ igi mẹ́wàá lábẹ́ wandoo yẹn, ó lè jẹ́ ìyá kan ṣoṣo tó ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rìn, tó ń yọrí síta níbí, tó ń yọrí síta lọ́hùn-ún. Tí o bá ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, èyí tí o wú á kú, ìyá tó kù nílẹ̀ á gbọgbẹ́. Tó bá sì lọ jẹ́ pé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ló bọ́ sí, ilẹ̀ ìjọba nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já òdòdó igbó ìjọba láìní ìwé àṣẹ, ká má tíì wá sọ ti wíwú.

Ìkejì, ìfẹ́ lo fi pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà pa méjì kí ojú mi tó là. Lọ síbi tí èyí tí ò kú wà, bu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Kí lo rí? Yangí ni! Yangí pupa wẹ́wẹ́, irú èyí tó wà lójú ọ̀nà oko nílé, àti yanrìn díẹ̀ láàárín rẹ̀. Omi ò lè dúró níbẹ̀. Òjò á rọ̀ láti bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ á gbé e mì. Tó bá di oṣù kejìlá, oòrùn á gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ òjò, a lè lo oṣù mẹ́ta gbáko kí a má rí ẹ̀kán omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ilẹ̀ òkè yìí ti gbó, òjò ti fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí ewéko ń fà látinú ilẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn igi ibẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀nba yẹn gbé ẹ̀mí ró. Ìwọ wá da ìgbẹ́ adìẹ tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó fi gààrí gbígbẹ dàgbà, o wá ń gbé iyán ká a mọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣé inú rẹ̀ ò ní bẹ́?

Má bomi rin ín mọ́. Rárá.

Kọ́lá Ọlọ́gbìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Ìbejì. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Màá padà sórí ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀gbìn ìbílẹ̀ tà ni mo ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ, torí ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà tó bá ń wá a lórí Google. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Leschenault ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, onímọ̀ ewéko ni, ó bá àwọn ọkọ̀ ojú omi ọ̀gákọ̀ Baudin dé etíkun yìí ní 1801. Nígbà tí Robert Brown, onímọ̀ ewéko mìíràn, wá kọ orúkọ igi náà sínú ìwé ní 1810, Lechenaultia ló kọ, s kan ti jábọ́. Òfin àwọn onímọ̀ ewéko ò sì jẹ́ kí wọ́n dá a padà. Ẹ wá a pẹ̀lú s, ẹ tún wá a láìsí s, ohun tí ẹ máa rí ò ní jọra. Lechenaultia biloba ni tiwa yìí.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ sì rí i dájú pé òun gan-an ló wà lábẹ́ igi yín, torí búlúù pọ̀ nínú igbó yẹn lásìkò kan náà. Ẹ ka apá òdòdó kan ṣoṣo. Márùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan là sí méjì lórí bí ìyẹ́ labalábá, ọ̀fun rẹ̀ sì fà sí funfun. Tí òdòdó rẹ̀ bá jọ ti ẹ̀wà, tí àwọ̀ rẹ̀ fà sí àlùkò, Hovea nìyẹn. Tí irun wẹ́wẹ́ bá bo ẹ̀yìn òdòdó rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, Dampiera ni, mọ̀lẹ́bí tiwa náà ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ omi. Èyí tó wà nínú igbó ti ní gbòǹgbò tó lọ jìnnà. Èyí tí ẹ rà nínú ike kékeré, gbòǹgbò rẹ̀ ò ju ìka mẹ́ta lọ. Tí ẹ bá gbìn ín ní oṣù kọkànlá tí ẹ sì ní ẹ ò ní bomi rin ín, Bàbá, kò ní rí ọdún tuntun. Ẹ gbìn ín láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rin ilẹ̀, kó lè fi gbogbo ìgbà òtútù ta gbòǹgbò. Nínú ooru ọdún àkọ́kọ́ yẹn nìkan, ẹ bomi rin ín ní ìdí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mejì, kó wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún fún un. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ náà kúkú ni ìjọba gbà wá láyè láti tan ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi ní Perth níbí, wọ́n sì ní kó wà ní pípa láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin yẹn kò ní rí i rò láti ri òdòdó yìí sómi.

Tí ilẹ̀ iwájú ilé yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ kọ ebè fún un. Ebè gidi, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gbin iṣu. Yanrìn ṣáápù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ po yangí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kó ga tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má fi ohun tó ní ìgbẹ́ ẹran kankan sí i. Tó bá di dandan kí ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ ra ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀gbìn ìbílẹ̀, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ kéré, kí ẹ fún un ní ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Bàbá Ìbejì, Armadale

Mo gbà fún Kọ́lá lórí ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mi ti lé díẹ̀ níbẹ̀. Inú ló bí mi nítorí ìgbẹ́ adìẹ.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo jáwọ́ nínú kíka ìgbà mẹ́rin òyìnbó. Àwọn Noongar tó ni ilẹ̀ yìí, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ń kà lọ́dún. Djilba tó bọ́ sí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án àti Kambarang tó tẹ̀ lé e ni ìgbà òdòdó. Tí Kambarang bá ti ń parí, tí òdòdó rẹ̀ ti ń re, mo máa ń fi àlùmọ́gàjí rẹ́ gbogbo orí rẹ̀, bí ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan igi gbígbó tí kò léwé. Tí èèyàn ò bá rẹ́ ẹ, á ga rándanràndan, á wó sílẹ̀, ìdí rẹ̀ á ṣófo. Djeran, ìyẹn oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ni mò ń gbìn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wò ó ní Ellis Brook tàbí John Forrest, ẹ fọ bàtà yín o! Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà àwọn igbó kan, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Àrùn kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní dieback, Phytophthora cinnamomi lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Inú ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà àti táyà mọ́tò ló ti ń wọ inú igbó, ó ń jẹ gbòǹgbò àwọn igi igbó ibí bíi jarrah, banksia àti balga títí wọ́n á fi gbẹ lóòró. Mo ti rí ibi tó gbà kọjá, bí ẹni pé iná jó o láìsí iná.

Ọmọ Aláró

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀gbìn, àmọ́ ìyá tó bí ìyá mi rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta títí ó fi dàgbà, àwọ̀ ni mo fi ojú mọ̀. Ẹ̀yin kàn ń sọ pé búlúù, búlúù. Búlúù wo? Ní òpópónà kan lójú ọ̀nà Toodyay, mo rí mẹ́ta láàárín ogún ìṣísẹ̀: ọ̀kan dà bí aṣọ tí wọ́n tẹ̀ bọ aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n tètè yọ, òmíràn kì bí wájì, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun pátápátá. Irú igi kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ jẹ́ kó tanná nínú ike kí ẹ tó sanwó, torí ohun tó wà nínú fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike lè má jẹ́ ohun tí ẹ máa gbé relé.

Ẹ tún gbé fóònù sún mọ́ ọ̀fun òdòdó náà. Ẹ máa rí ọ̀pá kékeré kan tó ní ife lórí, ife gidi, tó ní ètè. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?

Kọ́lá Ọlọ́gbìn

Ojú ọmọ yẹn mú. Gbogbo ìdílé ewéko tí òdòdó yìí ti wá ló ní ife yẹn. Kí òdòdó tó là, nígbà tó ṣì di, lulúù rẹ̀, ìyẹ̀fun tí òdòdó fi ń so èso, á ti dà sínú ife náà. Tó bá wá là, kòkòrò bí oyin tó bá ki orí bọ̀ ọ́ láti mu omi dídùn á fara kan ètè ife, lulúù á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á gbé e lọ sára òdòdó mìíràn.

Yéwándé Brisbane

Ẹ̀yin ará Perth, ẹ̀ ń gbádùn. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ìgbà ooru gan-an ni òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń ní ọ̀rinrin bí ti Èkó. Ilẹ̀ kọ́ ló ń pa á lọ́wọ́ mi, afẹ́fẹ́ ni. Ewé ìdí rẹ̀ máa ń dúdú, á sì hu funfun. Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi lo ọdún méjì ààbọ̀. Ìkòkò amọ̀ ni mo gbìn ín sí, mo gbé e sábẹ́ òrùlé fàràǹdá níbi tí òjò ò lè dé, tí oòrùn àárọ̀ ń kàn án, tí atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí orí ilẹ̀ inú ìkòkò kí ewé má baà fara kan ibi tó tutù. Kò sí àwo lábẹ́. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, àwo yẹn ló pa èkejì yín.

Mi ò sunkún mọ́ tí ọ̀kan bá kú. Mo ti gé ẹ̀ka rẹ̀ pamọ́ kó tó kú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Gé ẹ̀ka báwo? Ẹ ṣàlàyé fún òpè.

Kọ́lá Ọlọ́gbìn

Ohun tí Yéwándé sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mi ò bá ti kọ́kọ́ sọ. Nínú ọgbà, òdòdó yìí kì í pẹ́ láyé. Ọdún mélòó kan ló ń lò, kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kò ṣe é bá gbé bí ọsàn tàbí máńgòrò tí ọmọ-ọmọ ẹni máa bá. Àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ń ta gbòǹgbò wéré, ọ̀pọ̀ igi igbó yìí ò rọrùn tó o.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, mo máa ń wá ọ̀mùnú tí kò ní òdòdó lórí, èyí tó ti le díẹ̀ àmọ́ tó ṣì tẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Mo ń fi bíléèdì tó mú gé e ní gígùn ìka ìlábẹ̀ mi. Mo ń ré ewé ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ má fà wọ́n ya, torí èèpo ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Mo ń ti ìdí rẹ̀ bọ ẹ̀tù tó ń mú gbòǹgbò yọ, kí n gbọ̀n ọ́n nù. Mo máa ń ki í bọ yanrìn ṣáápù tí mo po perlite, òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, mọ́, nínú ike kékeré, márùn-ún nínú ike kan. Mo bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ò ti jó o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ilẹ̀ mú, ó ti yọ gbòǹgbò nìyẹn. Kí ẹ má fà á lójoojúmọ́ o, Nọ́ọ̀sì.

Ìyá Dámi, Ìbàdàn

Ẹ kú àlejò wa lókè òkun o. Ṣé ẹ ò lè fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi? Mo fẹ́ òdòdó búlúù yìí síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà.

Kọ́lá Ọlọ́gbìn

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àhun là ń ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ọ̀gbìn ìjọba ò ní jẹ́ kó kọjá láìsí ìwé ẹ̀rí. Tó bá tiẹ̀ kọjá, òjò oṣù kẹfà Ìbàdàn á rà á. Ẹ gbin plumbago, búlúù rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju tibí lọ, àmọ́ kò ní dà yín. Tó bá sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, Scaevola plumieri, wà lórí yanrìn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbẹ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n fa ìdajì rẹ̀ ya.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bọ̀dá Kọ́lá, tí irúgbìn bá wà níbí ńkọ́? Mo rí wọn níbì kan tí wọ́n ń ta omi èéfín fún gbígbin irúgbìn igbó. Mo rò pé gbájúẹ̀ ni.

Kọ́lá Ọlọ́gbìn

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ irúgbìn igbó yìí, iná ni wọ́n ń dúró dè. Iná á jó igbó kọjá, òjò á rọ̀, èéfín á bá omi wọlẹ̀, irúgbìn á mọ̀ pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Perth níbí ló rí ohun inú èéfín tó ń jí wọn gan-an, ní 2004. Karrikin ni wọ́n ń pe irú èròjà náà, orúkọ yẹn wá látinú karrik, èéfín lédè Noongar. Àmọ́ fún biloba, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ gé ẹ̀ka.

Àbẹ̀kẹ́ Mundaring

Ẹ kú àìrí ara o. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti kọ̀wé síbí gbẹ̀yìn, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò wú èyí tó wà lábẹ́ igi. Inú fẹ́ǹsì wa ló wà, torí náà mo gé ọ̀mùnú mẹ́sàn-án lára rẹ̀ ní oṣù kẹrin, bí Bọ̀dá Kọ́lá ṣe wí. Mẹ́ta rà, torí pé mo tún bomi rin wọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí. Mẹ́fà yọ gbòǹgbò. Mo kọ ebè síwájú ilé. Ọkọ mi ń bi mí léèrè irú iṣu wo ni mo fẹ́ gbìn. Ọ̀pọ̀ yangí tí mo lò, ẹ̀yìnkùlé náà ni mo ti bù ú.

Mẹ́ta ni mo gbìn sórí ebè. Wọ́n la ooru kọjá pẹ̀lú omi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àìkú, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan tanná. Òdòdó mọ́kànlá ni, mo kà á. Ó fúyẹ́ díẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ, tàbí kó jẹ́ pé oòrùn iwájú ilé ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Aláró á sọ fún mi.

Mẹ́ta tó kù wà nínú ìkòkò. Ọ̀kan ti lọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó òdìkejì ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Alẹ́, ọ̀kan wà nílẹ̀ fún ẹ. Mo ti kó gbogbo àwo abẹ́ ìkòkò tó wà nílé wa jù nù, má wulẹ̀ béèrè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, Àǹtí. Mo ní àwo kan nílé tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti fi ṣe abọ́ omi ajá.